Kí Ẹsẹ̀ Iwájú Náà Máa Fà: Àtúnṣe Land Rover Àtijọ́ fún Ọ̀nà Oko Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo gbé wá lónìí, kì í sì ṣe ọkọ̀ tuntun. Land Rover àtijọ́ ni, èyí tí koríko ti hù yí ká lẹ́yìn ilé, tí adìẹ ń yé sí lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Bí ọ̀kan bá wà ní agboolé yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pe àwọn tí ń fi ìwọ̀n ra irin. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkọ̀ náà ṣì lè ṣe, àti bí ẹ ṣe lè dá a padà sí ọ̀nà oko.

Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀ mọ̀ pé títì ńlá kọ́ ni olórí ìṣòro àgbẹ̀. Ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ gba Ìfọ́n lọ sí Benin, ọ̀dà wà lórí rẹ̀, bó tilẹ̀ ní kòtò. Ibi tí a bá ti yà kúrò lórí ọ̀dà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni, ilẹ̀ amọ̀ ni, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti àfonífojì ni, àwọn odò kéékèèké tí ń ṣàn lọ bá odò Ọ̀sẹ̀ sì ń gé ọ̀nà sí wẹ́wẹ́. Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba ìgbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ, ọ̀kadà nìkan ló kù fún ọ̀pọ̀ wa. Àpò kòkó mélòó ni ọ̀kadà lè gbé? Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń pọ́n sóko, ẹ̀gẹ́ ń le sínú ilẹ̀, ẹni tó kórè jù ló ń jìyà jù.

Àgbẹ̀ gan-an ni wọ́n sì ṣe Land Rover fún. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Maurice Wilks, ọ̀gá àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń lo jíìpù àwọn ológun Amẹ́ríkà lóko rẹ̀ ní erékùṣù Anglesey. Ó rí i pé bí jíìpù náà bá gbó, kò sí ohun tí òun lè fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 1948, wọ́n gbé Land Rover àkọ́kọ́ jáde níbi àfihàn ọkọ̀ ní Amsterdam. Irin wọ́n nígbà náà, ni wọ́n bá fi alumíníọ̀mù ṣe ara rẹ̀, wọ́n fi irin ṣe ṣáásì. Ìdí nìyẹn tí ara Land Rover tó ti lé ní àádọ́ta ọdún fi lè wà láìpẹtà nígbà tí ṣáásì abẹ́ rẹ̀ ti jẹ. Series II dé ní 1958, Series III ní 1971, wọ́n sì ń ṣe é títí di 1985. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń dá àwọn ilé iṣẹ́ tí yóò máa to ọkọ̀ pọ̀ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, Leyland tó wà ní Ìbàdàn wà lára wọn, wọ́n sì to Land Rover pọ̀ níbẹ̀. Ọkọ̀ àwọn olùṣọ́ igbó ọba ni, ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn ni, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni. Nígbà tí ìjọba bá sì ti bọ́ọ̀dù wọn láti tà wọ́n, àwọn ará ìlú a rà wọ́n. Bí púpọ̀ nínú wọn ṣe dé ẹ̀yìn ilé wa nìyẹn.

Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò tí à ń wọ̀ lójoojúmọ́, ẹsẹ̀ méjì ló ń fà, méjì yòókù ń tẹ̀lé e. Land Rover ní àpótí jíà kejì lẹ́yìn jíà ńlá, òun ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì sí iwájú àti ẹ̀yìn. Ọ̀pá kékeré méjì ló ń darí rẹ̀. Bí ẹ bá tẹ èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò mọ́lẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú á bá ti ẹ̀yìn fà. Bí ọkọ̀ bá dúró tí ẹ sì fa èyí tí orí rẹ̀ pupa sẹ́yìn, ó bọ́ sí jíà kékeré nìyẹn: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa fà, ìrìn ọkọ̀ á falẹ̀, agbára tó ń dé ẹsẹ̀ á sì di nǹkan bí ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣi ọkọ̀ yìí lò. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, ìrìn ẹsẹ̀ iwájú gùn ju ti ẹ̀yìn lọ. Nínú ẹrẹ̀, táyà á yọ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ á tán. Lórí ọ̀dà, táyà kò lè yọ̀, Land Rover Series kò sì ní díífù láàárín iwájú àti ẹ̀yìn tí yóò gba ìyàtọ̀ náà mọ́ra. Àwọn ọ̀pá tó ń gbé agbára á wá máa lọ́ lára, sítíárìn á le, táyà á máa jẹ, títí nǹkan kan á fi ṣẹ́. Dírẹ́bà á tẹ ọ̀pá yẹ́lò nínú ẹrẹ̀ oko, á gbàgbé, á sì wà á bẹ́ẹ̀ dé Àkúrẹ́. Nígbà tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀, mẹkáníìkì á ní iwájú ló ń dà á láàmú, á tú pọ́ọ̀pù ṣáàfùtì iwájú, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ síwájú, á jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Láti ọjọ́ náà lọ, Land Rover di ọkọ̀ lásán tí ń mu epo púpọ̀, tó sì máa ń há sínú ẹrẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Ó dùn mí púpọ̀, torí pé ohun tí a tìtorí rẹ̀ rà á gan-an ni a tú dànù.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyí. Kí ẹ tó ra táyà ńláńlá, kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ tó kùn ún lọ́dà tuntun, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ iwájú tún máa fà.

Ṣáásì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò ṣáá, torí bí ṣáásì bá ti jẹ, òfo ni owó tí ẹ bá ná sórí ìyókù. Àpótí irin oníhò ni, ẹrẹ̀ a máa wọ inú rẹ̀ dì síbẹ̀, inú ló sì ti ń jẹ bọ̀ wá síta. Ẹ má fojú wò ó lásán. Ẹ mú òòlù kékeré, kí ẹ máa gbá a láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí irin ṣì dára á dún gbangba. Ibi tó ti jẹ, ohùn rẹ̀ á kú, òòlù á sì fẹ́ wọlé. Ẹ wo ibi tí sípíríǹgì ti so mọ́ ọn, àwọn apá tó nà jáde láti gbé ara ọkọ̀, àti irin ìdábùú tó kẹ́yìn pátápátá. Wẹ́dà tó mọṣẹ́ á gé ibi tó jẹ kúrò títí yóò fi kan irin tó mọ́. Kò ní lẹ irin tuntun mọ́ ìpẹtà. Irin mílímítà 3 tó fún un. Táǹkì epo wà lábẹ́ ìjókòó: ẹ yọ ọ́ jáde pátápátá kí iná wẹ́dà tó tàn, ẹ sì tú wáyà bátìrì. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé epo ti tán nínú rẹ̀. Táǹkì tó ṣófo léwu ju èyí tó kún lọ, torí afẹ́fẹ́ epo tó kù nínú rẹ̀ ló ń bú gbàù.

Ara ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà ẹ̀bá ọ̀nà fi iná kàn án, alumíníọ̀mù ni, á kàn yọ́ dànù ni. Rífẹ́ẹ̀tì wà lára ohun tí wọ́n fi kàn án ní ilé iṣẹ́, rífẹ́ẹ̀tì náà ni kí panẹ́ẹ̀lì bítà fi tún un kàn. Ibi tí alumíníọ̀mù bá ti fara kan irin, kí wọ́n fi rọ́bà sáàárín, torí omi tó bá wà láàárín àwọn méjèèjì máa ń sọ alumíníọ̀mù di ẹ̀tù funfun. Ìyẹn ti tó lórí ara.

Bíréèkì Land Rover yìí, dúrọ́ọ̀mù ni ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà inú sílíńdà àti páìpù tó bá ti pẹtà kí ọkọ̀ tó kúrò níbi tó wà. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìdóàní kì í ṣe ibi tí à ń dán bíréèkì tó ti sùn fún ogún ọdún wò.

Ó wá kan iwájú. Ní ìdí ẹsẹ̀ iwájú kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù irin ńlá kan wà tí ẹsẹ̀ ń yí lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn. Ọ́ìlì wà nínú rẹ̀. Nígbà tó wà ní tuntun, ojú rẹ̀ ń dán. Bí ìpẹtà bá ti gé e, òun náà á máa gé ọ́ìlì sílì, ọ́ìlì á jò tán, ẹrẹ̀ á wọlé, béárìn á jẹ. Èyí ti pa iwájú Land Rover púpọ̀. Àwọn kan á máa rọ gíríìsì lé e lórí. Kò wò ó sàn. Ẹ tú u, ẹ fi bọ́ọ̀lù tuntun tàbí tòkúnbọ̀ tó ṣì ń dán rọ́pò rẹ̀, kí ẹ fi sílì tuntun sí i. Ẹ wá di pọ́ọ̀pù ṣáàfùtì mú, kí ẹ mì í. Bí ó bá ń mì níbi kúrọ́ọ̀sì tó wà ní oríkèé rẹ̀, ẹ pààrọ̀ kúrọ́ọ̀sì.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wà nípò, àyẹ̀wò kan wà tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi òkúta há ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ iwájú kan kúrò nílẹ̀. Bí ọkọ̀ yín bá ní họ́ọ̀bù tí a ń fọwọ́ tì, ẹ tì í. Ẹ tẹ ọ̀pá yẹ́lò, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ tó wà lókè náà. Bí ó bá kọ̀ tí kò yí, àyè gba agbára láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ń yí fàlàlà, nǹkan kan ti ṣẹ́ lọ́nà. Ẹni tó bá fẹ́ tà yín ní Land Rover, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí níṣojú rẹ̀ kí owó tó jáde lápò yín.

Síbẹ̀, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà lè há. Bí wọ́n ṣe ṣe díífù ni pé ẹsẹ̀ tí nǹkan kò dí lọ́wọ́ ló máa ń yí. Bí ẹsẹ̀ iwájú kan àti ti ẹ̀yìn kan bá gbé kúrò nílẹ̀, àwọn méjèèjì á máa yí lófìfo, ọkọ̀ á dúró sójú kan. Nítorí èyí ni n kò fi fara mọ́ àṣà wa pé kí á máa fi ewé sípíríǹgì kún sípíríǹgì. Ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ gba ẹrù, mo gbà. Ṣùgbọ́n sípíríǹgì tó ti gan kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò kó tẹ ilẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò tẹ ilẹ̀ kò sì lè fa nǹkan kan. Ẹ tú àwọn ewé náà, ẹ ha ìpẹtà àárín wọn kúrò, ẹ fi gíríìsì sí i, kí ẹ dá iye ewé padà sí bí ilé iṣẹ́ ṣe kà á. Bí ẹrù bá pọ̀, ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn ọ̀dọ́ tí ń wo fídíò máa ń fẹ́ gbé ọkọ̀ sókè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀ ná. Ibi tó rẹlẹ̀ jù ni ikùn díífù, ara ásùlù ló sì wà. Bí ẹ bá gbé ara ọkọ̀ ga títí, ikùn yẹn kò kúrò níbi tó wà. Táyà tó ga nìkan ló lè gbé e. Ohun tí ẹ kàn máa rí nínú gbígbé ara ọkọ̀ sókè ni ọkọ̀ tó tètè ń dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Táyà 7.50-16, èyí tí Land Rover gígùn máa ń lò, ga tó, kò sì gbòòrò jù. Nínú ẹrẹ̀ wa, tí ilẹ̀ líle sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, táyà tín-ín-rín á gé ẹrẹ̀ kọjá lọ kan ilẹ̀ líle náà. Èyí tó gbòòrò á léfòó, á máa yọ̀. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ jìn. Ẹ lè tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá dé inú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó dé orí títì Ìfọ́n.

Lórí ẹ́ńjìnnì, àríyànjiyàn pọ̀. Ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù tó bá Series III wá tóbi tó lítà 2.25, agbára rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí agbára ẹṣin 70. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń fà láti ìsàlẹ̀, ohun tí oko sì nílò nìyẹn. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, kò sí ẹni tí kì í ro iye epo tí ọkọ̀ rẹ̀ ń mu. Àwọn mẹkáníìkì wa mọ bí a ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì dísù Toyota sínú Land Rover, iṣẹ́ tó dára ni bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Kí irin tí wọ́n fi so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ àpótí jíà jẹ́ èyí tí tọ́nà fi ẹ̀rọ gé, kí àárín méjèèjì bára mu géérégé. Bí kò bá bára mu, béárìn jíà kò ní pẹ́ jẹ. Kí ẹ sì mọ̀ pé ọ̀pá ásùlù ẹ̀yìn Land Rover kì í pẹ́ ṣẹ́ bí agbára bá pọ̀ jù. Ẹni tó bá fi ẹ́ńjìnnì ńlá sí i, kó máa fẹsẹ̀ rọra tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sì gbàgbé láti lọ forúkọ ẹ́ńjìnnì tuntun náà sílẹ̀ ní ọ́fíísì ìwé ọkọ̀, kí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé lè bá ti ara ẹ́ńjìnnì mu nígbà tí ọlọ́pàá bá dá yín dúró.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àjèjì ni irú iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ wa. Ẹ wo agbégilódò tó ń kó gẹdú jáde nínú igbó. Ẹ wo Mercedes 911, tí wọ́n ti ń pe gbogbo ọkọ̀ onímú kúkúrú bíi tirẹ̀ ní orúkọ yẹn. Tọ́ọ̀nù 9 àti agbára ẹṣin 110 ni nọ́ńbà náà dúró fún, èyí tí wọ́n sì kọ LA sí níwájú orúkọ rẹ̀, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń fà. Àwọn káfíńtà wa ló fi pákó kan orí àti ara ọ̀pọ̀ nínú wọn, wẹ́dà wa ló fi irin kún ṣáásì wọn, rìwáyà wa ló fa iná sí wọn. Ní Suame Magazine ní Kumasi, lórílẹ̀-èdè Ghana, odindi àdúgbò ń jẹun lórí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó kù lọ́dọ̀ tiwa ni kí á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wù mí kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Rufus Giwa Polytechnic tó wà ní Ọ̀wọ̀ yìí máa lọ bá àwọn àgbà mẹkáníìkì, kí wọ́n wọn ohun tí wọ́n ṣe, kí wọ́n yà á sínú ìwé, torí bí ọ̀gá kan bá ti sùn, ìmọ̀ rẹ̀ bá a lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí omi, torí odò ni ó ń gbẹ̀yìn ọkọ̀ púpọ̀ ní ìhà Ọ̀sẹ̀. Ásùlù tó ti rìn gbóná. Bí ẹ bá ti í bọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì, á sì fa omi wọlé gba ojú sílì. Ihò mímí kékeré kan wà lórí ásùlù kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, kí ẹ fa rọ́bà náà gòkè dé abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Nínú gbogbo ohun tí ènìyàn lè fi kún Land Rover, èyí ni owó rẹ̀ kéré jù, òun ló sì wúlò jù lójú tèmi. Lábẹ́ ilé kílọ́ọ̀ṣì, ilé iṣẹ́ dá ihò kan kí ọ́ìlì tó bá jò lè máa kán jáde. Bóòtù rẹ̀ wà fún ọjọ́ omi. Ẹ dí i kí ẹ tó wọ odò, ẹ ṣí i bí ẹ bá gòkè.

Ẹ má wọ omi tí ẹ kò tíì fi igi wọn. Jíà kékeré ni kí ẹ fi wọ̀ ọ́, ẹ má sáré, ẹ má sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì láàárín omi. Ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù máa ń kú bí omi bá kan wáyà pílọ́ọ̀gì. Ti dísù kò nílò iná pílọ́ọ̀gì láti máa ṣiṣẹ́, òun ni mo fẹ́ràn fún odò. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí tó bá fa omi sí ibi tó ń gbà mí, ìparun ni, nítorí a kò lè fún omi pọ̀ bí a ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Ọ̀pá písítìn ni yóò tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fa páìpù afẹ́fẹ́ gòkè dé ẹ̀gbẹ́ òrùlé. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ má tún un ta. Ẹ wọ́ ọkọ̀ jáde, ẹ tú pílọ́ọ̀gì tàbí nọ́sù dísù, kí omi tú jáde ná. Bí ẹ bá kọjá láyọ̀, ẹ máa fẹsẹ̀ kan bíréèkì díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń lọ kí dúrọ́ọ̀mù lè gbẹ. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tú ìdè abẹ́ díífù. Bí ọ́ìlì bá jáde funfun bí omi ògì, omi ti wọlé. Ẹ dà á nù, ẹ rọ tuntun.

Àwọn ẹ̀yà rẹ̀ kò tíì tán lọ́jà. Ọjà Uwelu ní Benin ló sún mọ́ wa jù, Agódi Gate wà ní Ìbàdàn, Ládípọ̀ sì wà ní Èkó. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání kí ẹ fi bá a mu, ẹ má fi ẹnu ṣàpèjúwe.

Ọ̀rọ̀ wáyà tí a fi ń fa ọkọ̀ tó bá há ò gbọdọ̀ bọ́ sọnù. Ẹ má ṣe dá nìkan wọ igbó, ẹ sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà fún ẹnì kan nílé, kí ẹ sì gbé wínṣì ọlọ́wọ́ dání pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Àwọn agégẹdú mọ̀ pé wáyà tó já lè gé ènìyàn sí méjì. Ẹ fi àpò tútù tàbí aṣọ wúwo lé àárín wáyà kí ẹ tó fà á, kí gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ jìnnà tó bí wáyà náà ṣe gùn tó.

Ìrìn àkọ́kọ́, ẹ má gbé ẹrù. Ẹ yan ọ̀nà oko tó gbẹ tó ní òkè díẹ̀, ẹ wà á lọ bọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi ìdajì ẹrù sí i. Bí ẹ bá ti délé, kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìdí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ẹ tú béárìn àti bíréèkì rẹ̀ wò kí ọkọ̀ náà tó tún jáde.